Ẹ Béèrè Èèwọ̀ Wọn Kí Ẹ Tó Sanwó: Bí A Ṣe Ń Yan Karate Full Contact

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé ní Adó-Èkìtì láàárọ̀ Sátidé kan. Ó ní òun fẹ́ kọ́ karate, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ èyí tí wọ́n kàn ń ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n ti ń lu ara wọn gidi lòun ń wá. Mo bi í pé èwo nínú wọn. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọ́n ju ẹyọ kan lọ ni?"

Wọ́n ju ẹyọ kan lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, fún un àti fún gbogbo ẹ̀yin ará Èkìtì kete tí ọmọ yín, àbúrò yín tàbí ẹ̀yin fúnra yín ń wá dojo, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ karate, tí ẹ máa wọ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi olùkọ́ léèrè ohun tí wọ́n kà léèwọ̀, kí ẹ tó bi í léèrè ohun tó ń kọ́ni. Ilé kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá ló ní èèwọ̀ tirẹ̀, èèwọ̀ ọ̀hún ló sì máa ń sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ wo ìjàkadì wa. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kanlẹ̀, ó parí fún un. Nítorí òfin yẹn, kò sí ajàkadì kan tó ń jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jà látorí ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni karate rí. Ibi tí òfin bá ní ẹ ò gbọdọ̀ lù, ẹ ò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bò ó. Ibi tí òfin bá ní kí ẹ máa lù, ibẹ̀ lara yín ti máa le.

Kí la ń pè ní full contact?

Karate tó pọ̀ jù níta, bíi Shotokan tó ti ọ̀dọ̀ Gichin Funakoshi wá, ẹni tó gbé karate kúrò ní Okinawa wá sí Tokyo ní 1922, máa ń fi àmì ayò díje. Ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá ń jáde pẹ̀lú gbogbo agbára, ṣùgbọ́n ẹni tó jù ú gbọ́dọ̀ káwọ́ rẹ̀ kó tó di pé ó ṣe ẹlòmíì léṣe. Mi ò bú u. Àwọn tó ń ṣe é yára ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn àlàfo tó wà láàárín ẹni méjì.

Nínú full contact, ẹnikẹ́ni kò ní káwọ́ padà. Ẹni tí wọ́n bá lù ṣubú tí kò tètè dìde ti fìdí rẹmi. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn tó, ẹ rántí eré Òlíńpíìkì Tokyo. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Tareg Hamedi ará Saudi Arabia ń fi àmì ayò borí Sajad Ganjzadeh ará Iran nínú àṣekágbá àwọn ọkùnrin tó wúwo jù. Ó ta á ní ìpá lókè, Ganjzadeh ṣubú, ó dákú, wọ́n gbé e jáde. Àwọn adájọ́ ní ìpá yẹn ti le jù, wọ́n lé Hamedi kúrò nínú ìjà, wúrà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó dákú. Ká ní ìdíje Kyokushin, ọ̀kan lára àwọn karate full contact, ni, ìpá kan náà yẹn ni wọn ì bá fi gbé Hamedi sókè bí ajagunṣẹ́gun. Ìpá ò yí padà. Èèwọ̀ ló yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ara tí ẹ ń gbé lọ

Kí ẹ tó wá dojo, ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín. Ẹni tó bá jẹ́ SS kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú eré yìí láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. AS náà, kí ó má fi òùngbẹ ṣe akin: kí ó máa mu omi, kí ó sì sinmi nígbà tí ara bá ní ó tó, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B bí ẹ kò bá tíì gbà á, nítorí pé imú máa ń ṣẹ̀jẹ̀, awọ ara máa ń bó, ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan sì lè kan ojú ọgbẹ́ ẹlòmíì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi ara yín ní ohun tí ẹ ń wá. Ẹni tó ń wá okun àti ìgboyà, ẹni tó ń wá ìdíje, àti ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gba ara ẹni sílẹ̀, ọ̀nà wọn lè má papọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ èèwọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan

Kyokushin ni ìyá púpọ̀ nínú wọn. Masutatsu Oyama ló dá a sílẹ̀, ọmọ Korea tí wọ́n bí ní 1923 tó lọ di ará Japan. Ó kọ́ Shotokan, ó kọ́ Goju-ryu, ó ṣí dojo tirẹ̀ ní Tokyo ní 1953, ó sì dá ẹgbẹ́ Kyokushin àgbáyé sílẹ̀ ní 1964. Ìdíje gbogbo Japan àkọ́kọ́ wáyé ní 1969, ti àgbáyé ní 1975. Èèwọ̀ wọn nìyí: ẹ ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lu orí tàbí ojú, ẹ ò gbọdọ̀ gbá abẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ di ara yín mú. Ẹ lè fi ẹ̀ṣẹ́ lu àyà, ikùn àti ìhà bó ṣe wù yín, láìwọ ìbọ̀wọ́. Ẹ lè ta ìpá sí itan, ẹ lè ta á dé orí. Ẹni tó bá ṣubú tí kò dìde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3, ó tán.

Ẹ wá wo ohun tí èèwọ̀ yẹn ń bí. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ní ju ẹ̀ṣẹ́ sójú wọn, àwọn oníjà Kyokushin máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìjìnnà síra, àyà sí àyà, tí wọn á máa fi ẹ̀ṣẹ́ lu ara wọn ní ìhà, tí wọn á sì máa gbá itan ara wọn. Ìfaradà tó wà níbẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Kyokushin ni èmi fúnra mi ń ṣe, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín: ọwọ́ wa máa ń wálẹ̀ jù. Ẹni tó bá ṣe Kyokushin fún ọdún márùn-ún láìfi ohunkóhun kún un lè jẹ ẹ̀ṣẹ́ kan lójú ní gáréèjì kí ó tó mọ̀ pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oyama ni Hideyuki Ashihara, tó jáde ní 1980 láti dá Ashihara Karate sílẹ̀. Ọkàn tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sabaki: má dúró níwájú ọ̀tá, yí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti tó ọ, kí o wá lù ú. Joko Ninomiya, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ashihara, dá Enshin sílẹ̀ ní Denver ní Amẹ́ríkà ní 1988. Wọ́n gbà kí wọ́n fi ọwọ́ kan di aṣọ alátakò mú, kí wọ́n fà á, kí wọ́n gbé e ṣubú. Bí ẹ bá kéré lára, tí ẹ kò sì fẹ́ máa bá òmìrán lu àyà ara yín, ibi tí mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Takashi Azuma borí gbogbo Japan nínú Kyokushin ní 1977, síbẹ̀ ó ní karate tí kò gba ẹ̀ṣẹ́ ojú kò tíì pé. Ó dá Daido Juku sílẹ̀ ní Sendai ní 1981; òun ni ayé ń pè ní Kudo lónìí. Wọ́n ń dé akoto tó ní ike tó mọ́ gaara lójú, wọ́n ń lu ojú, wọ́n ń gbé ara wọn ṣubú, wọ́n tún ń jà díẹ̀ nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pín àwọn oníjà ló wù mí jù: wọ́n á ro gíga yín ní sẹ̀ǹtímítà pọ̀ mọ́ ìwúwo yín ní kílò, àpapọ̀ rẹ̀ ló máa sọ ẹni tí ẹ máa bá jà. Fún ẹni tó ń wá ìgbara-ẹni-sílẹ̀, òun ló súnmọ́ ìjà gidi jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ rẹ̀ wọ́n.

Seidokaikan ti Kazuyoshi Ishii náà wà, láti 1980. Ishii yìí ló dá ìdíje K-1 sílẹ̀ ní 1993, níbi tí wọ́n ti ń wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n sì ń lu ojú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà lára kickboxing, kí ó béèrè rẹ̀.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀: láti ìgbà tí Oyama ti kú ní 1994 ni Kyokushin ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Orúkọ tó wà lára ògiri kò tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ sensei, ìyẹn olùkọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ẹgbẹ́ wo ló fún un ní ìwé ẹ̀rí, ta sì ni olùkọ́ tirẹ̀. Ẹni tó ní bàbá kì í bínú tí wọ́n bá bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ jókòó, ẹ máa wò

Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ má wo ẹni tó dáńgájíá jù níbẹ̀. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni kí ẹ wò, ọmọ tí bẹ́líìtì funfun rẹ̀ ṣì le bí pákó. Báwo ni àwọn àgbà ṣe ń lù ú?

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní gbọ̀ngàn kan tí mi ò ní dárúkọ, ọ̀sẹ̀ kejì mi ni wọ́n jù mí sí iwájú ẹni tó ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́fà. Ó gbá itan òsì mi lẹ́ẹ̀mẹta, ojú kan náà, ní ẹ̀gbẹ́ ìta, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sókè orókún. Ti àkọ́kọ́ ta mí bí iná. Ti kejì, mi ò gbọ́ ìrora rárá, ẹsẹ̀ yẹn kàn kú ni. Ti ẹ̀kẹta, mo wà nílẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ń fi ìdí gun àtẹ̀gùn ilé wa, ìyá mi ń wò mí, kò sọ̀rọ̀. Olùkọ́ yẹn ní bí wọ́n ṣe ń di ọkùnrin nìyẹn. Irọ́ ni. Kò sí ẹni tó ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ojúgun sókè láti gba ìpá yẹn, ohun tí olùkọ́ tí mo lọ bá lẹ́yìn náà fi ogún ìṣẹ́jú péré kọ́ mi.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa bi sensei ni pé: "Ìgbà wo ni ẹni tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ kumite?" Kumite ni ìjà. Bó bá ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Bó bá ní ó di lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àti pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni yóò kọ́kọ́ bá yín ṣe é jẹ́jẹ́, ẹ tún jókòó.

Ẹ wò ó bóyá sensei máa ń dá ìjà dúró kí ẹnì kan tó farapa, àbí lẹ́yìn tó bá ti farapa. Ẹ wò ó bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n mu omi. Ẹ wo ilẹ̀: ṣé mátì wà níbẹ̀, àbí sìmẹ́ǹtì lásán ni wọ́n ń ṣubú lé? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn ọmọbìnrin. Ẹni tó bá ṣèlérí bẹ́líìtì dúdú fún yín láàárín ọdún kan, ọjà ló ń tà. Kyokushin ní ìpele kyu 10 kí ènìyàn tó dé dúdú.

Ẹ̀yin òbí kan máa ń bẹ̀rù pé ìtẹríba tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ jẹ́ òrìṣà bíbọ. Ìkíni ni. Bí àwa ṣe ń dọ̀bálẹ̀, tí a ń kúnlẹ̀ fún àgbà, ni wọ́n ṣe ń tẹríba fún olùkọ́ àti fún ẹni tí wọ́n fẹ́ bá jà. "Osu" tí ẹ máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo, ìdáhùn ọ̀wọ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín

Kihon ni ìpìlẹ̀: ẹ̀ṣẹ́, ìpá, ìdínà, lórí ìdúró kan, lọ́pọ̀ ìgbà, títí á fi sú yín. Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ìbàdí ló ń kọ́ yín níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gúnyán nílẹ̀ Èkìtì mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ tó ń fi apá nìkan gún un, kí iṣu tó fọ́ ló ti ń mí hẹ̀ẹ̀. Ìyá tó mọ̀ ọ́n gún, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ìbàdí rẹ̀ ló ń sọ ọmọ odó kalẹ̀, apá kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Ẹ̀ṣẹ́ náà láti ilẹ̀ ló ti ń wá, ó gba ìbàdí kọjá, ọwọ́ ló gbẹ̀yìn. Èmi fúnra mi kò lóye gyaku-zuki, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn, àfi lọ́jọ́ tí mo gúnyán ìsìnkú kan láti àárọ̀ dọ̀sán.

Ido geiko ni kihon tí wọ́n ń fi ìrìn ṣe. Kata ni ìjà tí wọ́n tò kalẹ̀, tí ẹnìkan ń ṣe ní òun nìkan. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń kórìíra kata, ṣùgbọ́n ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú Sanchin. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìjà mẹ́ta. Ẹ máa dúró, ẹ máa mí láti inú ikùn, ẹ máa mú gbogbo iṣan le, sensei á sì máa rìn yí yín ká, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ lù yín léjìká, nítan, níkùn. Ohun tó ń wò ni bóyá èémí yín bọ́. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú èémí jáde gẹ́lẹ́ nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá kan ìhà, ó ti mọ ìdajì Kyokushin.

Lẹ́yìn náà ni mímú ara le, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Mo ti rí ọmọ tó ń yí ìgò lórí ojúgun rẹ̀ ní alaalẹ́. Mo ti rí ẹni tó ń gbá igi ọ̀pẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Egungun máa ń le sí i nígbà tí wọ́n bá dẹ́rù lé e níwọ̀nba, tí wọ́n sì fún un láyè láti tún ara rẹ̀ ṣe. Oṣù ló ń kà, kì í ka ọ̀sẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹni méjì máa gba apá sí apá jẹ́jẹ́, kí wọ́n máa gbá itan ara wọn ní ìdá mẹ́ta agbára wọn, pẹ̀lú àdéhùn, kí ẹni tó ń gbà á máa mú itan le kí ó sì máa mí síta.

Báàgì dára ju igi lọ. Ẹ lè rán an fúnra yín. Ẹ mú àpò tó nípọn, ẹ lọ gba lẹ́búlẹ́bú pákó níbi tí wọ́n ti ń la igi, ẹ pò ó mọ́ àkísà tí ẹ gé wẹ́wẹ́. Ẹ má da iyanrìn sí i. Iyanrìn á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, láàárín oṣù kan ìdí báàgì á ti di òkúta, níbẹ̀ gan-an sì ni ìpá ìsàlẹ̀ yín máa bọ́ sí. Ẹ tú u, ẹ tún un pò ní oṣooṣù, nítorí lẹ́búlẹ́bú náà máa ń dì.

Ti push-up lórí ẹ̀ṣẹ́: oríkèé ìka méjì àkọ́kọ́, ti ìka ìfábẹ̀là àti ti àárín, ló gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, ọrùn ọwọ́ á sì gún bí ọ̀pá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí aṣọ tí ẹ ká. Ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣe é, kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ lu ohun líle, torí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà.

Kumite ló kẹ́yìn. Ó yẹ kí dojo tó dára ní ju irú kan lọ: èyí tí ẹnìkan ń lù tí èkejì ń dínà nìkan, èyí tí wọ́n ń ṣe jẹ́jẹ́ láti fi kọ́ ojú, àti èyí tó le. Ibi tí gbogbo ọjọ́ bá ti jẹ́ ọjọ́ ìjà líle, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í pẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan láàárín, ẹ sáré. Ọlọ́run ti fún wa ní òkè lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń gbé Ẹ̀fọ̀n tàbí Adó kò nílò jíìmù láti ní ẹsẹ̀. Ẹ sáré gòkè, ṣùgbọ́n ẹ rìn sọ̀kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba orókún jẹ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ pẹ́ díẹ̀ níbi ìnara kí ẹ tó ta ìpá gíga.

Irinṣẹ́ tí mi ò ní fọwọ́ sí kí ẹ ṣe kumite láìní: ohun ààbò eyín, ike ààbò abẹ́, àti ààbò ojúgun. Dogi, aṣọ karate, lè dúró. Ẹ lè fi ṣòkòtò gbọọrọ àti tíṣẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé èékánná ọwọ́ àti tẹsẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí nǹkan bá ṣe yín

Ẹni tó bá jẹ ìpá lórí, tó dákú bó ti wù kó kéré tó, tí orí ń fọ́, tó ń bì, tó ń sùn lọ, tàbí tó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ilé. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá wà ní Adó àti ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ má dúró di àárọ̀. Kò sì gbọdọ̀ jà mọ́ títí dókítà á fi ní ó yá. Ẹni tí wọ́n lù ní ìhà tàbí ní ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ wá pọ́n, ilé ìwòsàn náà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí mímí bá ń gún un.

Itan tó wú ni ẹ máa rí jù. Fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, omi tútù tàbí yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé ni kí ẹ máa gbé lé e, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdí tàbí òrí gbígbóná wọ́ ọ ní àsìkò yẹn, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dùn tó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jò lábẹ́ awọ á tún pọ̀ sí i ni. Omi gbígbóná lè dé lọ́jọ́ kẹta, kí ẹ sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ kí ó má bàa gan.

Ẹ má ka ọjọ́ láti mọ ìgbà tí ẹ máa padà sídìí kumite. Ẹ lóṣòó títí ìdí yín á fi fẹ́rẹ̀ kan gìgísẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ṣa iṣu nílẹ̀. Bí ẹ bá lè dìde láì di ògiri mú, tí itan kò fà yín sẹ́yìn, ó ti yá.